Kọ́míìkì Ìyanu àti kátúùnù rẹ̀: níbo ni kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àdùnní, Abẹ́òkúta:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olólùfẹ́ ìwé aláwòrán. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti wo ìpele kìíní kátúùnù Ìyanu tán, kò sì sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ó ti ya àwòrán Ìyanu, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, sí ẹ̀yìn gbogbo ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ó ti fi ìborùn mi ṣe aṣọ ogun, ó sì ń bi mí ní ìbéèrè nípa ìlú Elu àti nípa Ìgbà Ìyanu tí wọ́n ń dárúkọ nínú ìtàn náà, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Èmi náà jókòó tì í, mo wò ó, mo sì rí i pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ yìí kò fi ojú kékeré wo ọmọdé. Ọmọ òrukàn kan tí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olori ń tọ́, tí ó ń fi ojoojúmọ́ kọ́ ìtàn àti iṣẹ́ àtayébáyé ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ìgbé ayé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí agbára tí kò mọ̀ pé òun ní sì jáde lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ewu dé: ìtàn tí àgbàlagbà lè wò láìsùn ni.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni èyí. Mo gbọ́ pé kọ́míìkì ni ó jẹ́ kí ó tó di kátúùnù, àti pé àwọn kan wà tí wọ́n ti ń tẹ̀lé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan, tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi pé wọ́n ń fi owó ara wọn ràn án lọ́wọ́. Ṣé ìtàn kan náà ni ó wà nínú ìwé àti kátúùnù, tàbí ohun tuntun wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó ti wo ti orí tẹlifíṣọ̀n? Bí mo bá fẹ́ ra ìwé fún un, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí ẹ rí nínú iṣẹ́ yìí tí ó mú kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo fẹ́ mọ ohun tí mo ń mú ọmọ mi wọ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín gidigidi, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn kátúùnù náà ni kò mọ̀ pé ìwé wà nídìí rẹ̀, díẹ̀ sì ni ó mọ̀ pé ìwé yẹn gan-an kì í ṣe àkọ́bí ẹni tí ó kọ ọ́.

Roye Okupe ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó ni, ó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní George Washington University. Ní ọdún 2012 ni ó dá YouNeek Studios sílẹ̀. Kátúùnù ni ó kọ́kọ́ wà lọ́kàn rẹ̀ láti ṣe, ṣùgbọ́n owó kátúùnù kì í ṣe owó tí ènìyàn kan ń mú jáde láti inú àpò ara rẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ná an lé akọni tí ó ti Nàìjíríà wá lórí. Ó wá yíjú sí kọ́míìkì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí ìkànnì ìdáwójọ Kickstarter, àwọn tí wọ́n gbà á gbọ́ sì dáwó jọ. Bí ìwé àkọ́kọ́, *E.X.O.: The Legend of Wale Williams*, ṣe jáde ní ọdún 2015 nìyẹn. Ìtàn ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ẹni tí bàbá rẹ̀ di àwátì, tí ó padà sí ìlú tí wọ́n ń pè ní Lagoon City, tí ó sì jogún aṣọ tí ó ń fún ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ní agbára. Ọdún 2025 ni wọ́n fi ìtàn náà sí. Ọdún 2025 yẹn gan-an ni Ìyanu gorí tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ẹnì kan nínú àwa tí a ra *E.X.O.* nígbà náà tí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Lẹ́yìn *E.X.O.* ni *Malika: Warrior Queen* dé, ìtàn ọbabìnrin àti balógun kan ní ìlú Azzaz ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tí ìtàn Àmínà ọbabìnrin Zazzau ru ọkàn olùkọ̀wé sókè láti kọ. Ní ọdún 2019, wọ́n fi Malika ṣe kátúùnù kékeré kan pẹ̀lú Anthill Studios ti Niyi Akinmolayan ní Èkó, Adesua Etomi-Wellington ni ó sì fi ohùn ṣe Malika. Kátúùnù náà kò gùn, ṣùgbọ́n mo rò pé òun ni ilẹ̀kùn tí ohun gbogbo gbà wọlé, nítorí pé ó fi hàn gbangba pé a lè ṣe iṣẹ́ yìí nílé, kí ohùn àwọn òṣèré wa sì wà nínú rẹ̀, kí ó sì wuyì.

Ní ọdún 2021, Dark Horse, ilé ìtẹ̀wé kọ́míìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní ọdún 1986, gba àwọn ìwé YouNeek láti máa tẹ̀ wọ́n jáde. Nínú àdéhùn yìí ni *Iyanu: Child of Wonder* ti wáyé, ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní ọdún kan náà. Okupe ni ó kọ ìtàn rẹ̀, Godwin Akpan, ọmọ Nàìjíríà, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Lion Forge, ilé iṣẹ́ tí ó lọ́wọ́ nínú kátúùnù kékeré *Hair Love* tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 2020, kéde pé òun yóò fi Ìyanu ṣe kátúùnù. Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ó bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní Amẹ́ríkà, ó sì dé orí Max, ìkànnì tí a ti ń wo fíìmù lórí ẹ̀rọ ayélujára, ní ọjọ́ kejì.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun kan nínú gbogbo èyí. Láti ọdún 2012 tí ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí kátúùnù jáde, ọdún mẹ́tàlá ni. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìwé ni ó ń gbé ìwé, àwọn òǹkàwé ni wọ́n sì ń gbé àwọn ìwé náà kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ tí àwa tí a ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa Ìyanu bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹbí. Kì í ṣe ìgbéraga, mà. A rí i nígbà tí kò ì tíì sí ẹni tí ó dá a mọ̀.

Lórí èyí tí ẹ ó rà: ìdìpọ̀ kìíní *Iyanu* ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ jẹ́ kí *Malika* àti *E.X.O.* dúró títí yóò fi dàgbà díẹ̀ sí i, nítorí ogun àti ikú pọ̀ nínú wọn ju bí mo ṣe fẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Àgbáyé kan náà ni gbogbo àwọn ìtàn náà wà, ṣùgbọ́n ènìyàn lè ka *Iyanu* láìka àwọn yòókù kí ó sì yé e yékéyéké.

Ayàwòrán Bódìjà:

Ẹ̀gbọ́n Ìsàlẹ̀ Èkó ti sọ ìtàn rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ nípa àwòrán, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo ti rò pé ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ yín wà, Ìyá Àdùnní. Ìpìlẹ̀ ìtàn kan náà ni ìwé àti kátúùnù dúró lé, àmọ́ ohun tí ojú ń rí nínú méjèèjì yàtọ̀ gidigidi.

Bí ẹ bá ṣí ìdìpọ̀ kìíní, ẹ ó rí i pé Akpan kò kàn fa ìlà kí ó sì da àwọ̀ sí àárín rẹ̀. Ó ń kun àwòrán ni. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń sọ ìtàn: ẹ wo bí ojú ọ̀run ṣe ń yí padà láti ojú ewé kan sí èkejì, ẹ wo bí òjìji ṣe ń bo apá kan ojú ènìyàn nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá pín sí méjì. Ẹnì kan ni ó ń ṣe èyí, ní ojú ewé kan lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè lo àkókò tí ó bá wù ú lórí etí aṣọ kan ṣoṣo.

Kátúùnù kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nínú àwòrán tí ń rìn, àwòrán 24 ni ó ń kọjá lójú ẹni ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi àwòrán kan dúró fún méjì nínú wọn láti dín iṣẹ́ kù, síbẹ̀ àwòrán méjìlá fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kò kéré. Ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sì ya ọmọbìnrin kan náà, ó sì gbọ́dọ̀ jọ ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ń ṣètò kátúùnù ní láti bọ́ ìlà kúrò lára ẹni tí wọ́n ń yà: wọ́n ń dín ìṣẹ́po aṣọ kù, wọ́n ń dín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kù, wọ́n ń sọ irun dídì di odindi àwòrán kan tí ó rọrùn láti yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tí kátúùnù fi pàṣípààrọ̀ rẹ̀ ni ìrìn ara, bí Ìyanu ṣe ń sáré, bí ó ṣe ń yí orí padà kí ó tó sọ̀rọ̀, àti ohùn. Ìwé kò ní ìwọ̀nyí.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi rọ̀ yín pé kí ó ka ìwé náà. Nínú kọ́míìkì, òǹkàwé ni ó ni àkókò. Àlàfo kékeré tí ó wà láàárín àpótí àwòrán kan àti èkejì ni ọmọ yóò ti fi ọkàn ara rẹ̀ parí ohun tí a kò yà: bí ọ̀kọ̀ ṣe kúrò lọ́wọ́, bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ yín tí ó ń ya Ìyanu sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ fún un ní ojú ewé kan nínú ìwé náà kí ó tẹjú mọ́ ọn, kí ó sì gbìyànjú láti ya á. Èmi fúnra mi ń fi àwọn ojú ewé wọ̀nyẹn kọ́ àwọn tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá kí wọ́n tó fa ìlà kankan.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èwo ni mo fẹ́ràn jù, ìwé ni, láìsí àní-àní.

Bàbá Kẹ́hìndé, Peckham:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ayàwòrán Bódìjà, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìwé ni kí a fi ṣe olórí. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ní ìlú London, ohùn ni ó ṣẹ́gun ọkàn àwọn ọmọ wa. Serah Johnson ni ó ń sọ̀rọ̀ fún Ìyanu, Okey Jude fún Biyi, Samuel Kugbiyi fún Toye, àwọn ọ̀rẹ́ Ìyanu, àwọn àgbà òṣèré bí Shaffy Bello àti Stella Damasus sì wà nínú àwọn tí wọ́n fi ohùn ṣeré níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé ni. Àwọn ọmọ mi tí a bí síbí, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwé ti fi bí èmi àti ìyá wọn ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣẹ̀sín rí, gbọ́ akọni tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ìyá wọn lórí Cartoon Network. Mo wò wọ́n lójú lọ́jọ́ náà. Ìwé kan kò lè ṣe èyí fún wọn, bí ó ti wù kí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ dára tó.

Mo tún fẹ́ sọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìyanu ti ṣẹlẹ̀ sí kọ́míìkì mìíràn rí, ó sì yẹ kí a wo ti iṣáájú kí a lè mọ bí a ó ṣe dúró ti tiwa. Ní ọdún 1984, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, Kevin Eastman àti Peter Laird, ní ìlú Dover ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, fi owó tí wọ́n ṣà jọ tẹ *Teenage Mutant Ninja Turtles*, ìtàn ìjàpá mẹ́rin tí wọ́n ń jà bí jagunjagun. Nǹkan bí 3,000 ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, dúdú àti funfun, láìsí ilé ìtẹ̀wé ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Ní ìparí ọdún 1987, ó di kátúùnù, gbogbo ayé sì gbọ́. Lára èèpo ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí àwọ̀ wà, àwọ̀ pupa kan náà ni ìbòjú gbogbo àwọn ìjàpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kátúùnù ni ó fún oníkálukú ní àwọ̀ tirẹ̀ kí ọmọdé lè dá wọn mọ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́ náà ni ọ̀tá wọn àgbà ti kú, ṣùgbọ́n nínú kátúùnù, ó ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí àwọn ọmọdé lè máa rí i.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìwé àkọ́kọ́ bínú nígbà náà pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ jù. Mo mọ ìbínú yẹn, mo sì ń gbọ́ irú rẹ̀ nípa Ìyanu láti ẹnu àwọn kan tí wọ́n ní ìwé náà le ju kátúùnù lọ. Èrò tèmi ni pé ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí ó yẹ kí ó tù wá nínú: Okupe fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ń darí kátúùnù Ìyanu àti àwọn tí ń kọ ọ́, kì í ṣe pé ó ta ìtàn náà fún àjèjì kí ó sì lọ jókòó. Bí ohun kan bá yí padà láti inú ìwé sí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó bí ìtàn náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yí i. Nítorí náà ni mo fi ń sọ pé kí a má ṣe gbé ọ̀kan ga ju èkejì. Kátúùnù ni ó mú àwọn ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà, ìwé ni wọ́n sì wà nínú rẹ̀ báyìí, a ń kà á ní alẹ́ Sátidé. Èmi ń ka ohun tí àwọn àgbà sọ, wọ́n ń ka ti Ìyanu, ti Biyi àti ti Toye, wọ́n sì máa ń jà lórí ẹni tí yóò ka ti Biyi.

Olùkọ́ Àgbà, Ọ̀yọ́:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú mi dùn láti kà á. Mo fẹ́ kí ẹ rántí, tàbí kí ẹ gbọ́ bí ẹ kò bá tíì mọ̀, pé ìtàn tí a fi àwòrán sọ kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni *Atọ́ka* bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìwé ìròyìn tí ó ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà alárìnkiri sọ ìtàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tí a kọ sínú àwòrán lédè Yorùbá. Ògúndé wà níbẹ̀, Bàbá Sàlá wà níbẹ̀, Oyin Adéjọbí wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a mọ Yorùbá kà lónìí, ibẹ̀ ni a ti kọ́ ọ, nítorí pé a kò lè dúró de ẹni tí yóò kà á fún wa. A ń yá a lọ́wọ́ ara wa títí ewé rẹ̀ yóò fi já.

Ohun tí mo ń rò nígbà tí mo ń wo Ìyanu pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ mi nìyí. Ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ tiwa, aṣọ wọn àti ilé wọn jọ ti wa, ìfẹ́ tí àwọn ọmọdé ní sí i sì ga ju ohunkóhun tí mo ti rí nínú iṣẹ́ olùkọ́ lọ. Ó yẹ kí ìwé yìí wà lédè Yorùbá. Kì í ṣe ẹ̀sùn ni mo ń fi kan ẹni tí ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ ní èdè tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá a kì bá tí rí kátúùnù kankan. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ó ti délé, àwa olólùfẹ́ ni ó yẹ kí a máa béèrè fún ẹ̀dà Yorùbá lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé, kí a béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a má sì dákẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kì í túmọ̀ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè.

Títí ìgbà náà yóò fi dé, ọgbọ́n kan wà tí mo ń lò ní kíláàsì. Mo máa ń fi bébà kékeré bo gbogbo àyè róbótó tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí lójú ewé kan, mo sì ń ní kí àwọn ọmọ wo ojú àti ọwọ́ àwọn tí a yà, kí wọ́n sọ lédè Yorùbá ohun tí oníkálukú ń sọ. Iṣẹ́ Akpan dára fún èyí nítorí pé ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí kì í la ẹnu lásìkò ẹ̀kọ́ Yorùbá ti jiyàn lójú mi lórí bóyá kí Ìyanu kí Olori ní ìkúnlẹ̀ kí ó tó bá a jiyàn tàbí kí ó jiyàn ní ìdúró. Gbogbo kíláàsì ni ó dá sí i. Lẹ́yìn náà ni a ṣí bébà kúrò, a sì fi ohun tí wọ́n sọ wé ohun tí olùkọ̀wé kọ, nígbà mìíràn tiwọn ni ó dùn jù.

Ìyá Àdùnní, Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Olúwa yóò bù kún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sókè fún Àdùnní, ó sì ní kí n kí Bàbá Kẹ́hìndé àti àwọn ọmọ wọn, pé òun náà fẹ́ ka ti Biyi. Ìdìpọ̀ kìíní ni mo máa rà. Olùkọ́ Àgbà, ẹ̀yin ni ẹ ti yanjú ohun tí ó wà lọ́kàn mi jù, nítorí pé Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, mo sì ń wá ohun tí yóò mú un fẹ́ràn rẹ̀ láìsí pàṣán.

Ìbéèrè méjì ni ó kù. Ìwé tí ó ti òkè òkun wá wọ́n ju agbára mi lọ lásìkò yìí. Ṣé ẹ̀dà mìíràn wà tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Èkejì, Àdùnní ń bẹ̀rù pé ìtàn ti parí. Ṣé kátúùnù náà yóò tẹ̀ síwájú?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ̀dà tí a ń kà lórí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì wà, mà, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ìwé tí a tẹ̀. Ẹ kà á lórí tábúlẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ní i, nítorí ojú fóònù kéré fún irú àwòrán yẹn, bí ẹ bá sì ní láti fẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó lè ka ọ̀rọ̀, ẹ kò ní rí odindi ojú ewé lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ohun mìíràn tí àwa kan ń ṣe ní Èkó ni pé ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò pa owó pọ̀ ra ìdìpọ̀ kan, yóò sì máa yí láti ilé dé ilé. Mo ti ń bá àwọn òǹtàwé sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n kó o wọlé. Bí ẹ bá wọ ilé ìtàwé èyíkéyìí ní Abẹ́òkúta, ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ, kódà bí ẹ bá mọ̀ pé wọn kò ní i, nítorí pé ohun tí oníbàárà bá ń béèrè léraléra ni wọ́n ń lọ wá.

Ẹ sọ fún Àdùnní pé kí ó fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìpele kejì kátúùnù náà, ìtàn kò parí rárá.

Ayàwòrán Bódìjà:

Bàbá Kẹ́hìndé, mo gbọ́ yín, mo sì gbà pé ohùn ṣe ohun tí ìlà kò lè ṣe. Síbẹ̀, ìwé ni mo fẹ́ràn jù.

Ìyá Àdùnní, bí ìwé náà bá dé, ẹ fún Àdùnní ní pẹ́ńsù rírọ̀ àti bébà tí kò ní ìlà, kí ó yan ojú Ìyanu kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Kí ó kun ibi tí ó ṣókùnkùn nìkan, kí ó fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà sílẹ̀ ní funfun, láìfa ìlà yí ojú náà ká. Bí ó bá ti ṣe é, ẹ gbé e wá síbí kí n lè wò ó, mà.